Gìtá Ọkọ Sẹ̀gilọlá

Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ìyà bá ń jẹ wọ́n, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Sẹ̀gilọlá kò sí lára wọn. Ọmọ kátíkísì ni, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹjọ́ inú ilé kì í jáde sí títì. Bí ó bá ti wẹ̀ tán láàárọ̀, tí ó wé gèlè kékeré rẹ̀, tí ó kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì kejì há abíyá, tí ó forí lé ilé ìwé ìjọ tó ti ń ṣe tíṣà ní Òkèyìnmi, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á rò pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ ti lọ Èkó, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta.

Ohun tó gbé e ró ní gbogbo àkókò náà kì í ṣe lẹ́tà, kì í sì í ṣe owó. Gìtá ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan igi tí yóò dì mú.

Akínbọ́lá ọkọ rẹ̀ ló ni gìtá náà. Akọ̀wé káńsù ni, ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tí kì í bá ènìyàn jà, tí kì í sì í tètè dáhùn bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Ìbàdàn ló ti ra gìtá náà lọ́wọ́ olórin kan tó ń kógbá sílé, nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé. Igi rẹ̀ pọ́n bí epo, okùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, ihò róbótó kan sì wà láyà rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Akínbọ́lá á gbé àga síta, á máa ta á. Orin ìjọ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó di pé àwọn aládùúgbò gbé bẹ́ǹṣì wọn dé, orin ìjọ á ti di ijó. Sẹ̀gilọlá á jókòó ti ọkọ rẹ̀, á máa ṣa ìrẹsì nínú àtẹ. Ọdún méje ni wọ́n jọ gbé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí Sẹ̀gilọlá sọ ìgbà tó wà nílé ọkọ ní tòótọ́, àwọn ìrọ̀lẹ́ Sátidé wọ̀nyẹn ni yóò kà. Ìyókù, ilé títún ṣe àti ọmọ títọ́ ni.

Lọ́dún 1975, nígbà tí ìjọba ológun ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀, wọ́n gbá Akínbọ́lá mọ́ àwọn tó ń lọ. Ó jókòó sílé fún oṣù bíi mélòó kan, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fọwọ́ kan gìtá. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ Èkó lọ wá iṣẹ́. Mosúnmọ́lá, àkọ́bí wọn, ti ń lọ sí ilé ìwé nígbà náà. Adémọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó yọ gìtá kúrò nínú àpótí rẹ̀, ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀, ó sì gbé e kọ́ síbẹ̀ láàárín fọ́tò ìgbéyàwó wọn àti àlímánáàkì ìjọ.

"Ṣé ẹ ò ní í gbé e lọ ni, Bàbá Mosún?" ni Sẹ̀gilọlá bi í.

"Èkó kọ́ ni ibi téèyàn ń gbé ohun tó fẹ́ràn lọ. Ọjọ́ tí mo bá débẹ̀ gan-an ni wọ́n máa jí i. Bá mi tọ́jú ẹ̀." Ó wò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fi gìtá ẹ̀ sílé, ṣé kò ní í padà wá gbé e ni?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé ohun tó sọ kí mọ́tò rẹ̀ tó kọjá Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹ̀jẹ́.

Láti ìgbà náà, bí àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Ìyá bá wá kí i, tí Monínúọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, bá rọra béèrè pé, "Ẹ sì ń gbúròó Bàbá Mosún?" kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn. Á kàn gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ara ògiri. "Gìtá rẹ̀ nìyẹn," á wí. "Ó ń bọ̀ wá gbé e." Àwọn obìnrin náà á wo gìtá, wọ́n á wo ara wọn, ẹnì kan á sì sọ pé pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ kì í ní gìtá ọkọ lára ògiri. Ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Bí gìtá yìí bá wà ní pípé, ilé òun wà ní pípé. Bí ohunkóhun bá ṣe é, kò mọ ohun tí òun yóò tún nawọ́ sí.

Ṣùgbọ́n gìtá nínú ilé ọlọ́mọ kì í ṣe fọ́tò. Fọ́tò kò ní okùn tí ọmọ yóò máa fà. Kò sí ohun tí ọwọ́ Adémọ́lá kò lè tó bó bá ti rí àga tí yóò gùn. Lọ́jọ́ kan tí Sẹ̀gilọlá gbé gìtá sílẹ̀ láti nù ún, ó gbọ́ tí nǹkan ń ró ṣaworo nínú rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mì í. Ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú ihò àyà rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀pà, bọ́tìnnì méjì. Lẹ́yìn bọ́tìnnì, eyín Mosún tó yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó yẹ kí wọ́n ti jù sórí òrùlé.

"Gìtá Dádì ni báńkì wa," ni Adémọ́lá wí, ojú kò sì tì í.

Sẹ̀gilọlá fi pàṣán kàn án nídìí. Nígbà tó nà án tán, ó wọ yàrá lọ, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣì lè rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Oṣù tó bí Fúnkẹ́, àbíkẹ́yìn, ni ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ìjàn. Ìyá Ìjàn ni gbogbo ilé ń pè é. Obìnrin rere ni, kò ní ẹnu méjì, ó fẹ́ràn Sẹ̀gilọlá bí ọmọ tó bí. Ṣùgbọ́n kò dá wá. Ó kó ewúrẹ́ méjì dání, àti adìẹ kan, àti ológbò kan tí kò ní ìrù, ó sì ní òun kò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí yóò pa wọ́n jẹ. Ni ogun bá bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ Sẹ̀gilọlá. Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà gun orí àga lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jẹ okùn awọ tí Akínbọ́lá fi ń gbé gìtá kọ́ ọrùn, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó wá dùbúlẹ̀ sórí kúṣìn, ó ń jẹ àpọ́jẹ.

"Ewúrẹ́ kò mọ gìtá, Ìyá Mosún," ni Ìyá Ìjàn wí. "Ohun kí ẹnu rẹ̀ bá ti tó, oúnjẹ ni lójú rẹ̀."

Sẹ̀gilọlá gbé gìtá sínú àpótí rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí náà kò ní ìdè mọ́, ìdérí rẹ̀ kì í pa dé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bá adìẹ tó sàba lé ẹyin márùn-ún nínú rẹ̀, lórí ọrùn gìtá. Kó tó kó ẹyin kúrò, eku ti wọ inú àpótí, ológbò ti lé eku wọ ibẹ̀, èékánná ológbò sì ti kọ ìlà mẹ́ta gbọọrọ sí ẹ̀yìn gìtá. Sẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó fi ìka rẹ̀ tọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń ro bí òun yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní bóyá bó bá sún mọ́ ìgbà tó ń bọ̀, òun yóò fi epo pa á, kò ní í hàn.

Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Adémọ́lá gun fèrèsé, ó dì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, òun àti gìtá sì jọ já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Sẹ̀gilọlá wọlé, ó sáré gbé gìtá kó tó gbé ọmọ. Ó rí ara rẹ̀ bó ṣe ṣe é, Mosún náà sì rí i. Ọmọdébìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ gbé àbúrò rẹ̀ dìde. Ìtìjú bá Sẹ̀gilọlá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí yóò mú kí ó yí padà.

Bí gìtá ti ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà láti Èkó ń dínkù. Lọ́dún àkọ́kọ́, oṣooṣù ni. Lọ́dún kejì, ó di ìgbà tí ojú bá ro ó. Èyí tó dé ní Kérésì ọdún 1977 kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ, ó ní Èkó le. Sẹ̀gilọlá kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń wá ibi tó ti béèrè gìtá. Kò sí níbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó bá dá ènìyàn lójú, kì í béèrè rẹ̀. Tíṣà ni, ó mọ bí a ti ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, nínú ọyẹ́, ó ti dá gìtá padà sára ògiri, ó kan ìṣó mìíràn sókè réré tó fi jẹ́ pé àkàbà ló fi ń gùn ún. Àwọn ọmọ kò lè tó o. Ewúrẹ́ kò lè tó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlímánáàkì ìjọ já bọ́ fúnra rẹ̀. Sẹ̀gilọlá gbé e, igi tó yí i ká sì fọ́ sí i lọ́wọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó gbójú sókè, ó rí ipa erùpẹ̀ pupa lára ògiri, tó ń lọ tààrà sí ibi tí gìtá wà, kò sì ju ìbú ọwọ́ méjì lọ tó kù kó débẹ̀.

Ó pariwo. Obìnrin tí kì í pariwo pariwo. Ìyá Ìjàn sáré wọlé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Ìyá, ibo ni kí n gbé e sí?" ni Sẹ̀gilọlá ń wí. "Ilé yìí ò gbà á. Ilẹ̀ ò gbà á, ògiri ò gbà á. Tí Bàbá Mosún bá dé ńkọ́?"

Ìyá Ìjàn jókòó, ó ronú sí i. Kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣeré. "Lí ulé wa l'Ìjàn," ó wí, "ohun kí a bá fẹ́ kó pẹ́, òkè uná là ń gbé e sí. Àgbàdo ugbìn, ẹ̀gúsí, òkè uná. Àpótí ìjókòó kí bàbá mi fi ugi gbẹ́, ogójì ọdún ló lò lókè àjà. Ikán kò débẹ̀. Ewúrẹ́ kò débẹ̀. Ọmọ kò débẹ̀."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú ohun tí ìyá náà sọ, ìyẹn ló sì dun ni jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ló gba Sẹ̀gilọlá nímọ̀ràn, ìbá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n òun náà dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń fi àgbàdo kọ́ òkè àjà ìdáná, ó ti rí i bí èéfín ti ń pa kòkòrò, tí irúgbìn ń wà láti ọdún dé ọdún. Ó mú aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó fi di gìtá tinútinú bí ẹni ń di ọmọ jòjòló, ó gun àkàbà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ igi àjà, lókè ibi tí Ìyá Ìjàn ti ń se iṣu láràárọ̀ àti ní alaalẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àpótí ìjókòó jẹ́ igi kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gìtá jẹ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gọ́ọ̀mù so pọ̀.

Ọdún kan gbáko ló fi wà níbẹ̀. Ọkàn Sẹ̀gilọlá balẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè gìtá lára ògiri, á ní òun ti gbé e sí ibi tó dára. Kò tú u wò, nítorí ẹni tó bá gbin nǹkan kì í hú u wò lójoojúmọ́. Lọ́dún náà, lẹ́tà kan ṣoṣo kò wá láti Èkó.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní ọdún 1979, Akínwálé, awakọ̀ tó ń ná Èkó, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ma. Mo rí Bàbá Mosún l'Ékòó lánàá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń bọ̀ nílé ní Sátidé."

"Sátidé wo?"

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ma."

Akínwálé ń wo bàtà rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Sẹ̀gilọlá kò rí ìyẹn. Ó dúpẹ́, ó padà sínú kíláàsì, ó kọ déètì sára pátákó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aago lù, kò dúró gbé àpò rẹ̀. Ó sáré. Tíṣà tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún sáré láti Òkèyìnmi délé bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà. Aṣọ òkè náà ti dúdú fún èéfín. Ó gbé e wá sí àgbàlá, àwọn ọmọ péjọ, Ìyá Ìjàn dúró tì wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá tú ìdè àkọ́kọ́, ó di gìtá mú lọ́rùn láti fà á yọ. Ọrùn nìkan ló tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀.

Ó tú ìyókù. Ikùn gìtá ti ṣí kúrò lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti là láti ihò àyà títí dé ìdí. Pátákó tí okùn so mọ́ ti hú, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn. Ooru ọdún kan ti yọ́ gbogbo ohun tó so ó pọ̀. Kò sí ikán nínú rẹ̀. Kò sí ìlà èékánná tuntun. Wọ́n ti dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bẹ̀rù.

Mosún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ṣé Dádì ò ní í wá mọ́?"

Sẹ̀gilọlá ti jókòó sínú eruku. Gbogbo ohun tó ti ń sọ fún àwọn ọmọ yìí láti ọdún mẹ́ta ló gbọ́ lẹ́nu Mosún. Ìyá Ìjàn fi ọwọ́ lérí, ó ń sọ pé òun ló pa á, òun ló pa á. Sẹ̀gilọlá ní rárá, Ìyá, ọwọ́ mi ni mo fi so ó. Ẹkún kò jáde.

Bámgbóyè káfíńtà wò ó ní ọjọ́ Ẹtì, ó wò ó títí. "Ìyàwó," ó wí, "káfíńtà lèmi, èmi kọ́ ni Jésù tó jí Lásárù. Mo lè lẹ̀ ẹ́ kó dúró lójú. Kò ní í dún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa okùn ẹ̀ le, torí á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Kó ṣáà dúró lójú."

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó padà lọ yí i díẹ̀ kí ojú tó là náà lè bọ́ sí ibi òkùnkùn, ó tún padà wá wò ó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ìgbẹ́. Ó wẹ àwọn ọmọ, ó sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ gìtá.

Lẹ́yìn aago méjì ni Dátsùn funfun kan dúró níwájú ilé. Akínbọ́lá bọ́ sílẹ̀. Ó ti sanra, ó ti dá irùngbọ̀n sí, aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dán. Dírẹ́bà rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀, kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Mosún kúnlẹ̀, Adémọ́lá dọ̀bálẹ̀. Bàbá wọn fọwọ́ kàn wọ́n lórí. Fúnkẹ́ lọ fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn, nítorí kò rí ọkùnrin náà rí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Mosún. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni Sẹ̀gilọlá wí lórí eékún.

"O ṣeun. Ẹ kú ilé o."

Ó jókòó lórí àga tó wà nísàlẹ̀ gìtá gan-an. Sẹ̀gilọlá gbé omi wá, ó gbé iyán wá. Akínbọ́lá bu òkèlè bíi márùn-ún, ó ń wo aago rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ní gbogbo ìgbà tó bá mira, Sẹ̀gilọlá á yára wo gìtá. Ó ń rò pé bó bá dìde báyìí, bó bá gbé e báyìí, ọrùn yóò yọ sí i lọ́wọ́ níṣojú àwọn ọmọ. Ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó kúnlẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀.

"Bàbá Mosún, mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́, n ò lè tọ́jú ẹ̀. Gìtá yín ti bàjẹ́. Àwa la gbé e sókè àjà torí ikán, iná sì yọ́ ọ. Ẹ má tìtorí ẹ̀ bínú sí àwọn ọmọ. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Ó gbọ́ tí Akínbọ́lá ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́.

"Gìtá wo?" ni Akínbọ́lá wí.

Ó gbójú sókè, ó rí i. "Ááà! Èyí! Ó ṣì wà? Sọ ọ́ nù, jàre. Kí lo wá ń kúnlẹ̀ sí, dìde."

Ẹ wo bí ọkàn ènìyàn ti rí. Inú Sẹ̀gilọlá dùn. Ó dùn débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò bínú! Ọkùnrin tó dárí ji èèyàn kí èèyàn tó bẹ̀bẹ̀ tán, kì í ha ṣe ọkọ rere nìyẹn? Gbogbo ọdún mẹ́ta tó fi ń wárìrì nítorí ewúrẹ́ àti ológbò, ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ kà á sí. Òun ni ó padà wá bá, kì í ṣe gìtá. Ó wà lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé tí kò jáde ní ọjọ́bọ̀ sì ń ṣàn wá sí i létè.

"Ìyá dà?" ni Akínbọ́lá béèrè.

Ìyá Ìjàn ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá fi oríkì mẹ́ta, mẹ́rin kí i, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Nígbà tó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

"Ìyá, ẹ múra. Ẹ̀yin ni mo wá mú, mọ́tò ló ń dúró yẹn. Wọ́n ti bímọ l'Ékòó. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ìyá tó bí i ò ní ìyá láyé mọ́, kò sẹ́ni tó máa bá wa wẹ ọmọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Sẹ̀gilọlá, ó sì tún yára wo ibòmíràn.

Ìyá Ìjàn wá ibi tí yóò jókòó, ó jókòó. Kí ni yóò wí? Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ọjọ́ kẹrin ni, a kì í bá ọmọ tuntun jà. Ó wo Sẹ̀gilọlá, ó ní, "Ìyá Mosún," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Sẹ̀gilọlá dìde. Ó wọ yàrá. Òun ló mọ ibi tí nǹkan ìwẹ̀ ọmọ wà, nítorí àwọn ọwọ́ ìyá yìí ló wẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú kànìnkànìn tuntun, ó mú ọṣẹ dúdú, ó mú igo àdí, ó fi òwú dí ẹnu igo náà dáadáa kó má baà dà sínú mọ́tò. Ó mú ìró méjì nínú aṣọ Ìyá, ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbé ẹrù náà jáde, ó gbé e sí ẹsẹ̀ Ìyá Ìjàn, tó ń sunkún láìpariwo.

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń béèrè ni ó béèrè.

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni."

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ," ó wí. "Ọlọ́run á wò ó."

"A dúpẹ́," ni Akínbọ́lá wí, ó sì gbé ẹrù náà lọ sínú mọ́tò.